Beatrice Lásán

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí àpótí náà ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ìlú Ìdó, tí wọ́n sì gbé ọmọlangidi inú rẹ̀ jáde, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló na ọrùn wò ó. Ọmọlangidi náà ga tó ènìyàn. Ó funfun bí ẹfun, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já orin gbà lẹ́nu rẹ̀, ikùn rẹ̀ sì rí bíi ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Rọ́bà kan gba abẹ́ rẹ̀ jáde, omi sóbò ni wọ́n sì ń dà sínú rọ́bà yìí kí ó lè máa ṣàn bí ẹ̀jẹ̀.

"Ìyàwó ta nìyí?" Beatrice ló béèrè bẹ́ẹ̀ láti ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ìyàwó gbogbo wa ni, mà," ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yẹ̀kínì dáhùn.

"Ẹ kú oríire. Òkú òyìnbó lẹ fi ṣaya."

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni Beatrice nígbà náà. Agbẹ̀bí ni ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú Ìpáò. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, àwọn ọmọ tí ó sì ti fi ọwọ́ gbà wáyé ti ń bí ọmọ tiwọn. Kò sí ẹni tó ń pè é ní Beatrice ní Ìpáò. Màámi Nọ́ọ̀sì ni àwọn aláboyún ń pè é, Ìyá Láyí ni ọkọ rẹ̀ ń pè é títí tó fi kú. Ẹni ìkẹyìn tó pe Beatrice lásán mọ́ ọn lójú ni àlùfáà Áńgílíkà tó ṣèrìbọmi fún un, ilẹ̀ sì ti jẹ àlùfáà náà tipẹ́.

Kì í ṣe pé ìwé wù ú ló ṣe wá sí Ìdó. Ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkọ̀lé ló sọ pé ilé ìwòsàn Ìpáò yóò ní ọ̀gá, pé ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí kọ́ọ̀sì àjọkọ́ yìí ni yóò sì jókòó sórí àga náà. Bí Beatrice kò bá gbà á, Adéṣọlá ará Òkè-Àkò ni wọn yóò gbé wá. Adéṣọlá ti gba tirẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọwọ́ Beatrice ni wọ́n bí i sí, Beatrice ló sì kọ́kọ́ gbá a nídìí kí ó tó ké. Bí Beatrice bá ti ń rántí pé òun lè di ẹni tí yóò máa kúnlẹ̀ béèrè owú lọ́wọ́ ọmọ náà, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀.

Nítorí náà ló ṣe ń gun ọ̀kadà láti Ìpáò dé Ìkọ̀lé ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tí ó tún ń wọ ọkọ̀ tó ń gba Ọ̀yẹ́ kọjá, tí eruku á ti sọ gèlè rẹ̀ di pupa kí ó tó dé Ìdó, níbi tí ó ń sùn di ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí ó sì ń bá níbẹ̀ kò jọ ọ́ lójú rárá.

Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ló ń jókòó níwájú. Ohun èlò tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kì í kúrò lọ́rùn wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ra búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, wọn a gbé e kọ́rùn lọ, bí ẹni pé búrẹ́dì náà ń wú ikọ́. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn wà lápá ọ̀tún, wọ́n fi sítáàṣì sí aṣọ funfun wọn débi pé bí wọ́n bá jókòó, aṣọ náà á ṣì wà ní ìdúró. Àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ń dá jókòó, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn agbẹ̀bí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ní gíláàsì. Kọ́ọ̀sì àjọkọ́ ni wọ́n pè é o. Ọ̀sẹ̀ kẹrin nìyí, wọn kò tíì jọ mu omi.

Ẹni tó kó wọn jọ ni Dókítà Níyì. Ọmọ Ọ̀yẹ́ ni. Ó lọ sí òkè òkun fún oṣù díẹ̀, ó gbé àpótí ọmọlangidi bọ̀, ó sì gbé imú bọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé láti ìgbà tó ti dé, imú ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbọ́ mi," ó wí. "Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni àìsàn kò pa. Àwa tí a yí bẹ́ẹ̀dì wọn ká tí a kò gbọ́ ara wa yé, àwa la pa wọ́n. Dókítà mọ nǹkan kan, nọ́ọ̀sì mọ nǹkan kan, apòògùn mọ nǹkan kan, kálukú di tirẹ̀ mọ́ra. Eré la ó fi kọ́ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọmọlangidi yìí ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ẹ gbà á là."

Ó fi ẹni mẹ́rin sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹgbẹ́ ti Beatrice, Ọláolúwa ni olórí. Ọmọ Ìtàjí ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó wọ dígí. Mùnírà ni apòògùn, ọmọbìnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹnu tó máa ń fi ìborí rẹ̀ nu dígí fún ẹni gbogbo. Yẹ̀kínì ni yóò máa gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti láàbù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Iṣẹ́ ti Beatrice ni kí ó fi ọwọ́ ra ikùn ọmọlangidi náà kí ilé ọmọ lè sún kì. Dókítà Níyì fúnra rẹ̀ di rọ́bà kékeré kan mú lẹ́yìn, òun ló ń fi mú kí ikùn náà rọ̀ tàbí kí ó le, òun náà ló sì ń da sóbò.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀," ó wí, sóbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Ọláolúwa bọ́ sí ìgbèrí ọmọlangidi. Ó wo Beatrice, ó rí i pé ó tó ìyá òun, ó sì dọ̀bálẹ̀ dé ààbọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá ní ni yín lára, ẹ bá wa wo ikùn ìyá yìí."

"Kò ní ni mí lára, ọmọ mi. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà mà. A dúpẹ́."

"Ọmọ ta ni ọ́ ní Ìtàjí?"

"Ọmọ Alice ni mí mà, Alice tó ń ta epo pupa."

"Alice! A jọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún ńkọ́?"

Mùnírà ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abẹ́rẹ́ lé àwo bí ẹni gbé omi fún àlejò, ó ń retí kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ Alice. Yẹ̀kínì dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé a kì í gba àárín àgbà tó ń sọ̀rọ̀ kọjá. Sóbò ṣàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kán sílẹ̀, ó rìn lọ bá bàtà Dókítà Níyì.

"Ó tó," ni Dókítà Níyì wí. "Obìnrin yìí ti kú. Ẹsẹ̀ Alice lẹ ń bi léèrè nígbà tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé wọn náà pa tiwọn, ẹgbẹ́ kẹta sì fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ọmọlangidi kú kí wọ́n tó dé orí Àmín.

Ìgbà náà ni Dókítà Níyì gbé ẹfun, ó kọ orúkọ gbogbo wọn sára pátákó, láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

"Láti òní lọ, nínú gbọ̀ngàn yìí, kò sí Dókítà, kò sí Àǹtí, kò sí Màámi, kò sí sà. Orúkọ lásán. Olórí á pe ẹni tó fẹ́ rán níṣẹ́, ẹni náà á tún iṣẹ́ náà sọ kí gbogbo wa gbọ́, á sì ṣe é. Ẹni tí wọn kò bá pè kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan, kí olórí lè mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Bí wọ́n ti ń ṣe é níbi tí mo ti ń bọ̀ nìyẹn."

"Níbi tí ẹ ti ń bọ̀, ní Ọ̀yẹ́?" ni Beatrice wí jẹ́ẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n tún un ṣe. Dókítà Níyì da sóbò tuntun. Ọláolúwa dúró sí ìgbèrí. Ó wo pátákó, ó wo ọmọlangidi, ó wo ibi gbogbo àfi ojú Beatrice.

"Beatrice," ó wí. "Fọwọ́ ra ikùn rẹ̀."

Beatrice ká apá. Ó wo fèrèsé.

"Beatrice. Ikùn."

"Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni mà. Ìwọ ni. Ẹ̀yin... Ọ̀gá ló ní kí n..."

"Ọ̀gá ní kí o pe ìyá rẹ lórúkọ, o sì pè é. Bí ó bá ní kí o bọ́ ṣòkòtò sọ́jà, ìyẹn náà ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ gbogbo wọn, wọ́n rín in débi pé ẹnì kan ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Beatrice dúró láàárín ẹ̀rín náà, apá rẹ̀ ká síbẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ó ń wo fèrèsé. Sóbò tán. Ọmọlangidi kú lẹ́ẹ̀kejì.

Dókítà Níyì kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o kò dáhùn?"

"N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí."

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Ẹ bi wọ́n ní Ìpáò."

"Ó dára," ni Dókítà Níyì wí, imú rẹ̀ sì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ láti Adó. Ẹni tó bá tún dúró bí òpó níwájú wọn, n kò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Kí ó padà sí Ìpáò kí ó lọ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló lé ayọ̀ kúrò lára Beatrice. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá géètì, ó tú gèlè, ó tún un wé, ó tún tú u. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń bú dókítà náà, ó ń bú àpótí rẹ̀, ó ń bú òyìnbó tó ta ọmọlangidi fún un. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó bú wọn tó, Adéṣọlá ni ó ń rí lórí àga.

Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá bá a. Ọláolúwa dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti aṣọ funfun rẹ̀.

"Dìde. Ilẹ̀ yìí pupa, sítáàṣì kò sì rọrùn láti fọ̀."

"Ẹ má bínú mà. Orúkọ yín há mi lọ́fun bí eegun ẹja."

"Ó há ọ lọ́fun, ó gún èmi létí. Ẹja tiwa kò dára."

"Àǹtí," ni Mùnírà wí, "kí la máa wá ṣe? Bí a bá ń kí ara wa, ó máa kú. Bí a kò bá kí ara wa, ẹ ò ní dáhùn, ó máa kú."

Beatrice wo ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, ìyẹn gan-an ló sì bí i nínú. Ó ronú díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

"Nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Ìpáò," ó wí, "gbogbo ẹni tí mo bá nínú ilé náà ni ọkọ mi. Ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn, bí wọ́n bá ti bí i kí n tó dé, n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ṣé mo wá ń kúnlẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ kí n tó rán an níṣẹ́? Mo fún wọn lórúkọ ni. Ẹyínfúnjowó. Àdúmáadán. Ajíṣefínní. Ọjọ́ tí àká iṣu gbiná, Ẹyínfúnjowó ni mo ké sí, kò sì béèrè ará ilé mi kí ó tó gbé omi wá. Kò yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀."

Yẹ̀kínì pàtẹ́wọ́. "Ẹ fún wa lórúkọ, mà."

Bí ó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni bá ro pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lè tán wẹ́rẹ́, kò tíì bá wọn jókòó rí.

Ní ọjọ́bọ̀, wọ́n fún wọn ní gbọ̀ngàn láti gbìyànjú ara wọn wò. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ bí wọn yóò ṣe gba obìnrin là, orúkọ ni wọ́n fi í pín. Beatrice pe Yẹ̀kínì ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí pé ó tín-ín-rín. Yẹ̀kínì kọ̀ ọ́. Ó ní orúkọ obìnrin ni, pé ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò yẹ ní orúkọ tó wúwo.

"Irú èwo?" ni Beatrice béèrè.

"Bí Ọ̀gá-Ẹ̀jẹ̀, mà."

"Ọ̀gá-Ẹ̀jẹ̀. Àjẹ́ ni ọ́ ni?"

Mùnírà ní kí wọ́n máa pe òun ní Ìbàdíàrán. Ọláolúwa ní rárá, pé òun kò lè dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò Adó kí òun máa ké Ìbàdíàrán, wọn yóò béèrè ohun tí òun ń wò. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ Olórí-Ikọ̀. Mùnírà ní bí wọn kò bá lè pe òun ní Ìbàdíàrán, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Olórí-Ikọ̀ lọ́dọ̀ òun. Olójú-Dígí ló bá a mu. Wọ́n wá sọ Beatrice ní Ìyá-Àgbà.

"Ta ni ìyá àgbà? Ṣé ẹ ti rí ọ̀pá lọ́wọ́ mi? Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni orúkọ tèmi."

Gbogbo àríyànjiyàn yìí, ọmọlangidi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó lanu, Dókítà Níyì wà lẹ́yìn pátákó, ó ń po sóbò tòun ti gbogbo ọlá rẹ̀. Nígbà tí orúkọ wá tán, tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Mùnírà wo rọ́bà, ó rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni Mùnírà, ó sì rántí òfin.

"Níyì," ó wí, "sóbò ti tán."

Ẹnu Dókítà Níyì là bíi ti ọmọlangidi rẹ̀. "Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ní orúkọ lásán ni, sà. Nínú gbọ̀ngàn."

"Èmi? Olùkọ́ ni mí. Èmi kò sí nínú eré náà."

Ó gbé garawa sóbò, ó jáde. Beatrice fi etí gèlè bo ẹnu, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń wá sí Ìdó, kò sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ tó yé e tó ìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Àwọn olùyẹ̀wò méjì dé láti Adó, ọkùnrin sísanra kan àti obìnrin kan tó wé gèlè olówó ńlá bí òrùlé. Dókítà Níyì sọ ẹni tí òun jẹ́ fún wọn. Àwọn oyè rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Ìkọ̀lé sí Òkè-Àkò lọ, ó sì rọra ń rìn ín, kò fo kòtò kankan.

Ó wá kan ẹgbẹ́ Ọláolúwa. Beatrice ti fọ ọwọ́, ó ti wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn ọmọlangidi. Sóbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ọláolúwa gbé orí sókè, ó rí gèlè obìnrin Adó yẹn, gbogbo orúkọ tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́bọ̀ pín sì dà rú nínú orí rẹ̀.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ó wí. "Fọwọ́ ra ikùn rẹ̀."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí í ṣe Yẹ̀kínì, dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni, kò sì fẹ́ràn orúkọ náà láti àná.

"Ìbàdíàrán. Ẹ̀jẹ̀."

Mùnírà gbọ́ orúkọ tó wù ú. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Yẹ̀kínì du ọ̀rá. Kò wá sí ẹnikẹ́ni nídìí oògùn mọ́.

"Kí ni ó pè é?" ni ọkùnrin sísanra béèrè.

"Mo rò pé Ìbàdíàrán ni," ni obìnrin tó wé gèlè wí, ejìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọláolúwa yíjú sí Beatrice. Ó la ẹnu. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí ọwọ́ yẹn rán an létí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò wá. "Ọ..." ó wí. "Ẹ..." Dígí rẹ̀ ti kún fún òógùn.

Beatrice dúró. Bí ó bá lọ fọwọ́ kan ikùn láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ó rú òfin. Bí ó bá dúró, ó di òpó. Ó rí i tí Dókítà Níyì ṣí ìdérí bírò rẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀rín tó ń lọ yíká, irú èyí tó dùn mọ́ ọn ní ọjọ́ tó ká apá, ó sì wá mọ̀ pé òun náà wà nínú ohun tí wọ́n fi ń rín. Gbogbo ẹ̀gàn tó ti ń tú dànù láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ló yípo gbọ̀ngàn náà, tó padà wá bá olówó rẹ̀. Orúkọ ẹyọ kan ni ọmọ yìí nílò. Ó wà lára pátákó níbẹ̀ yẹn. Kò pè é, nítorí pé òun Beatrice ti fi há a lọ́fun, òun nìkan ló sì lè yọ ọ́.

"Ọláolúwa," ó wí.

Ọmọ náà wò ó.

"Gbàgbé gbogbo ìyẹn. Beatrice ni mí. Pè mí."

"Mà?"

"Mo ní Beatrice ni mí. Pè mí, ẹ̀jẹ̀ ń dà."

"Beatrice," ni Ọláolúwa wí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. "Fọwọ́ ra ikùn rẹ̀."

"Beatrice ń fọwọ́ ra ikùn rẹ̀. Ó rọ̀, kò tíì le."

"Mùnírà, padà wá. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì, gún un sí itan."

"Mùnírà ń gún un sí itan."

"Yẹ̀kínì, gbé ẹ̀jẹ̀ wá."

"Yẹ̀kínì ń gbé e bọ̀," ni ó wí, ó sì gba àárín gbogbo wọn kọjá láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ọláolúwa," ni Beatrice wí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ikùn, "o kò tíì wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

"N kò tíì wò ó. Mò ń wò ó."

Ikùn ọmọlangidi bẹ̀rẹ̀ sí í le lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Dókítà Níyì ló ń tẹ rọ́bà lẹ́yìn, Beatrice sì mọ̀, síbẹ̀ nígbà tó sọ pé, "Ó ti ń le, ẹ̀jẹ̀ ti ń dín," kò wo ẹ̀yìn. Sóbò kán, ó kán, ó dá. Ọmọlangidi yè. Kò dúpẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní lílà.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni obìnrin tó wé gèlè wí. "Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, kí ni wọ́n wà fún?"

Dókítà Níyì wú ikọ́. "Àṣà ìbílẹ̀ la fi kún un, mà. Ìwádìí tèmi ni."

Beatrice wo imú rẹ̀ tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìwé òun ni òun ń retí, ó sì gbà á.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ìta, inú Ọláolúwa dùn débi pé kò mọ ibi tó ń tẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká. Ó nà kọjá orí wọn, ó ké sí i láti òdì kejì àgbàlá.

"Beatrice, a ti yege."

Beatrice dúró. Ó wo ilẹ̀ lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹni pé ó tẹ nǹkan.

"Kí lẹ ń wá, Àǹtí?" ni Mùnírà béèrè.

"Mo ń wo ilẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ta ló ń dà?"

Àwọn tó yí Ọláolúwa ká ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó lè ríbi dọ̀bálẹ̀ sí. Aṣọ funfun rẹ̀ pupa lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n fi Beatrice ṣe ọ̀gá ní Ìpáò. Nígbà tó yá, ìjọba ìbílẹ̀ ní kí Adéṣọlá wá ràn án lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ tó dé, ó kúnlẹ̀ kí Beatrice, Beatrice sì jẹ́ kí ó wà lórí ìkúnlẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ó tó bẹ́ẹ̀.

"Dìde. Òfin kan ló wà níbí. Màámi Nọ́ọ̀sì lò ń pè mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá rí ẹ̀jẹ̀ lára aláboyún, o ò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ dúró kí n parí ọ̀rọ̀, ì báà ṣe ọba ìlú ni mo ń bá sọ ọ́. Beatrice ni kí o pè mí."

Adéṣọlá rò ó wò. Ẹ̀rù ẹnu Beatrice ti ń bà á láti ilé.

"Bí kò bá dá mi lójú pé ẹ̀jẹ̀ ni ńkọ́, mà? Tí mo bá pè yín bẹ́ẹ̀, tó wá jẹ́ omi?"

"Kọ́kọ́ pè mí ná," ni Beatrice wí. "Ká jọ wò ó tán. Ti ìwà rẹ, a óò rí ìgbà tún un ṣe."